Igi Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mo Dáná Sun

Káfíńtà ni mí, n kò sì lè fara da ìdọ̀tí. Bí mo bá ti rẹ́ pákó tán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àrámọ̀kọ, mo ti gbálẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ìkìrun ni àwọn òbí mi ti wá, aṣọ ni wọ́n ń tà, nítorí náà n kò mọ nǹkan kan nípa kòkó. Ohun méjèèjì yìí ló kó bá mi lọ́dún tí mo ń fẹ́ ìyàwó mi.

Nígbà náà, Àkúrẹ́ la ṣì ń lọ fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba. Ará Erio, tí kò jìnnà sí wa, ni ìyàwó mi. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ti gbà kí n máa wá sílé wọn, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀wẹ̀ àna. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ wọn gbọ́dọ̀ kó ọ̀rẹ́ wá ṣiṣẹ́ lóko lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni wọ́n dá fún mi, òjò ti dá nígbà náà.

Mo kó ọ̀rẹ́ márùn-ún lọ, káfíńtà mẹ́ta, awakọ̀ méjì. Bàbá ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó mú wa dé oko, ó ní ká ṣán koríko tó wà láàárín kòkó kéékèèké tí òun gbìn lọ́dún náà, òun ń bọ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, a ti ṣán an tán. Ó yẹ ká jókòó. Ṣùgbọ́n mo wo ìdí àwọn kòkó náà, mo rí i pé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń jẹrà ni wọ́n tò yí ìdí kọ̀ọ̀kan ká, tí wọ́n sì da koríko gbígbẹ lé e lórí. Ó ń rùn díẹ̀, kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀. Mo rò ó pé bàbá ti dàgbà, kò rí ẹni bá a kó ìdọ̀tí. Mo ní ká ṣe oko náà kó mọ́. Awakọ̀ kan bi mí bóyá wọ́n rán wa níṣẹ́ yẹn, mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó kì í dúró kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. A kó gbogbo rẹ̀ jọ sí etí oko, a da ewé gbígbẹ púpọ̀ mọ́ ọn kó lè jó, mo sì ṣáná sí i fúnra mi.

Nígbà tí bàbá dé, ó wo èéfín, ó wo ìdí kòkó, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́," ló wí.

Ó bá wa jókòó, ó bá wa jẹ iyán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti yege. Ìyàwó mi ló sìn wá dé títì. Ó jẹ́ kí àwọn yòókù wọ mọ́tò tán kó tó kọjú sí mi.

"Omi tí bàbá mi tọ́jú de ẹ̀ẹ̀rùn lẹ dáná sun."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Omi ló kún inú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá a máa là á sí méjì, á da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀ nídìí kòkó, á fi koríko bò ó kí oòrùn má bàa fà á gbẹ, omi á sì máa wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òjò á fi dé. Odò jìnnà sí oko náà, kò sí ẹni tó lè máa ru omi gun òkè yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ti gbin kòkó síbẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn pa á. Ó ti sọ fún wọn nílé pé bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí bá kú, òun ò ní agbára ẹ̀ẹ̀kẹrin mọ́. Ojú tì mí débi pé n kò rántí bí mo ṣe délé.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ dọ̀bálẹ̀. Bàbá jẹ́ kí n bẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí.

"Ẹ̀bẹ̀ kì í mú ilẹ̀ tutù," ó ní. "Lọ wá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ ìdána tí a ti ń jíròrò, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀.

Báyìí ni mo di alágbe. Mo ń kiri ẹ̀yìnkùlé ní Àrámọ̀kọ, ẹni tó bá ti bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní igi. Ìyá kan ní òun ti rí ẹni tó ń tọrọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun ò tíì rí ẹni tó ń tọrọ igi rẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé e, nígbà mìíràn awakọ̀ tó bi mí léèrè lóko lọ́jọ́ náà a bá mi gbé e. Bàbá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń là á. Apá ìsàlẹ̀ oko la ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé apá òkè, níbi tí òkúta pọ̀ sí, ọyẹ́ ti mú, ewé ibẹ̀ sì ti ń ká kò.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, bàbá ní ká jọ rin oko náà wò. Kòkó ìsàlẹ̀ ti yọ ewé pupa tuntun. Ti òkè ti kú, bóyá mẹ́fà ló ṣẹ́kù. Bàbá fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ṣẹ́. Mo gbà pé ìyàwó ti lọ lọ́wọ́ mi.

"Èmi ò ní gbìn ín nígbà kẹrin," ó ní. "Ìwọ lo máa gbin apá ibí yìí. Sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n wá rí wa."

Mo gbìn ín lọ́dún náà, èmi àti ọmọ rẹ̀, mo sì ń la igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá ká kòkó ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti òkè kọ́kọ́ so, a ti sin bàbá nígbà náà. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bàbá ti dárí jì mí tipẹ́, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní n kò ṣáná lọ́jọ́ náà, bàbá ì bá ká kòkó gbogbo oko rẹ̀ kó tó lọ.