Ìpín Tí Verlon Kò Fẹ́ Tà

Ọjọ́ tí èmi àti Verlon Stiles kọ́kọ́ pàdé ní Monahans, ó yọ eyín mi méjì. Ajórin ni wá; mo ní irin tó jó pọ̀ kò dán, ó sì fi òòlù dá mi lóhùn. Èmi náà ṣẹ́ ẹ lápá. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, tí a fi ọgbọ̀n ọdún jó páìpù epo pọ̀ nínú iyanrìn Texas.

Owó tí Verlon kó jọ, ìpín ilé-iṣẹ́ páìpù kan ló fi rà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí i, òun ló sì fi ń tọ́jú Opal ìyàwó rẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwa tó ní irú ìpín yìí, a kì í tà á. Bí o bá tà á, owó orí tí ìjọba ti ń fojú fò láti ọdún pípẹ́ wá á já lé ọ lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí o bá kú láìtà á, gbèsè náà á bá ọ wọlẹ̀, ẹni tó jogún rẹ kò ní san án.

"Òkú mi lówó lórí ju ààyè mi lọ." Bẹ́ẹ̀ ni Verlon máa ń wí nídìí oúnjẹ, á sì rẹ́rìn-ín. Mo ní kó yé sọ ọ́ lójú Coy, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò gbọ́, alágídí ni.

Coy fẹ́ kí wọ́n ta ìpín náà kí òun fi ra ọkọ̀ akóyanrìn. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jà. Coy fọ́ gíláàsì ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá ju ọmọ gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé jáde, tòun ti ilẹ̀kùn.

Sọ́ńdè kan, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo la ń jẹ.

"Bàbá, ẹ tà á."

"Dúró kí n kú."

"Ìgbà wo lẹ máa kú?"

"Ṣé ó ń kán ẹ lójú ni? Wá pa mí, ọ̀lẹ. Sípánà páìpù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo rò pé àwàdà ni. Coy dìde, ó mú sípánà náà, ó là á mọ́ bàbá rẹ̀ lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀jẹ̀ ta sínú àwo mi. Mo fi àga lu Coy títí apá rẹ̀ fi kán, ṣùgbọ́n Verlon ti lọ. Ó dùn mí títí dòní pé orí kọ́ ni mo lù.

Bí ìwé ilé ẹjọ́ tó sọ ogún Verlon di tirẹ̀ ṣe bọ́ sí Opal lọ́wọ́ ló ta gbogbo ìpín náà. Kò san sẹ́ǹtì kan owó orí. Ó fi gbogbo rẹ̀ gba lọ́yà fún Coy.

Inú bí mi, mo lọ bá a nílé. "Opal, ẹni tó pa ọkọ rẹ lo ń náwó lé lórí yìí? Kí lo máa fi tọ́jú ara rẹ?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Hollis, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Verlon ní ká dúró kí òun kú ká tó tà á. A sì dúró."