Àwọn Àpò Lẹ́tà Tí Mo Dáná Sun

Mo ṣì kéré, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, nígbà tí bàbá mi kú ní Port Harcourt. A kúrò nínú ilé tí ibi iṣẹ́ fún wọn ní Rumuola, a lọ háyà yàrá méjì ní Rumuokwuta. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi gba rédíò àti aṣọ. Èmi ni wọ́n fún ní agolo bisikíìtì tí sítáǹbù bàbá mi wà nínú rẹ̀, torí èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń tò ó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ sítáǹbù: bébà pélébé tí a máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kó tó lè rìn. Bàbá mi kì í yọ tiwọn kúrò lára àpò lẹ́tà. Bí lẹ́tà bá ṣe dé ni wọ́n ń tò ó, ti Ìbàdàn á wà lórí ti òkè òkun. Lójú tèmi, ó rí wúruwùru. Mo kúkú gbọ́n jù wọ́n lọ. Mo gbé bàsíà, mo rẹ gbogbo rẹ̀ sómi, mo sá sítáǹbù sórí ìwé ìròyìn, mo sì lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ńlá kan, pupa lọ́tọ̀, aró lọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn àpò lẹ́tà gbẹ, mo dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ìyá onílé wa, ará Ikwerre, wo ìwé náà, wọ́n ní, "See as you arrange am fine. Your papa go happy." Orí mi wú.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, tí wọ́n ń ṣòwò ní Ivory Coast bíi ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò. Wọ́n ti bá àwọn ará ilé jà, bàbá mi nìkan ló ń kọ̀wé sí wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi lẹ́tà túfọ̀ àbúrò fún ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan ní láti lọ fẹnu sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ará ìlú wa kan tó ń lọ sọ́hùn-ún yà wá gba àdírẹ́sì. Ìyá mi pè mí: "Lọ gbé agolo bàbá rẹ wá. Ẹ̀yìn àpò lẹ́tà ni ẹ̀gbọ́n wọn máa ń kọ àdírẹ́sì sí."

Mo gbé ìwé aláràbarà mi wá. Ìyá mi ṣí i dé ewé ìkẹyìn. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, "O kúkú tò ó dáadáa," wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Ìlàjì òǹtẹ̀ orúkọ ìlú tí ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀ kọjá sára àpò lẹ́tà ló kù lórí sítáǹbù. Ìlàjì kejì ti jóná. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá sítáǹbù kiri, àmọ́ mi ò wá ti ilẹ̀ mìíràn. Ti Ivory Coast nìkan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, pẹ̀lú àpò lẹ́tà rẹ̀, bóyá òǹtẹ̀ kan á bá tèmi mu. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo mọ ohun tí mò ń kó jọ. Ẹ̀bi ló ń tì mí kiri.

Mo ti lọ́kọ kí wọ́n tó palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kan mọ́ níbi iṣẹ́ bàbá mi, tí wọ́n rí lẹ́tà kan tó dé lẹ́yìn ikú wọn níbẹ̀. "Àbúrò mi, kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi pa mí tì?" Àdírẹ́sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kedere. Ẹni tí a rán lọ bá sàréè ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n ní títí bàbá náà fi kú, wọ́n gbà pé àbúrò àwọn ti gbè sẹ́yìn àwọn ará ilé.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi á tẹ fóònù, á sì rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Inú mi máa ń dùn sí i, ó sì máa ń dùn mí. Lẹ́tà yẹn ló gbẹ̀yìn nínú ìwé mi. Sítáǹbù rẹ̀ ṣì wà lára àpò rẹ̀, omi ò sì ní kàn án níṣojú mi.