Àdúrà Tí Ìyá Ìyàwó Mi Gbà sí Táyà Kẹ̀kẹ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí, kí ẹ tó lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, orí táyà ló ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, táyà! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wà. Pápá Àjàó là ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń gbé èrò lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun rí táyà mi kó rọ̀ rí. Àwa tí à ń wa kẹ̀kẹ́ ní ìgbàgbọ́ kan: táyà tó bá le kì í jẹ epo, ó sì máa ń gbé èrò dáadáa. Ta ló kọ́ wa? Mi ò mọ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ fún mi, ẹni tó kọ́ òun náà ló sọ fún un.

Torí náà, ní àràárọ̀, mo máa ń yà lọ́dọ̀ Sùlé, fọkanáísà tó wà ní ìkóríta àdúgbò wa. Màá ní kó bá mi pọ́ǹpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iwájú àtẹ̀yìn, kó le dáadáa. Tó bá ṣe tán, màá fi sípánà gbá táyà náà. Tó bá dún "gbì", kò tíì tó. Tó bá dún "kan", ó ti tó nìyẹn. Etí mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Géèjì ìwọn-atẹ́gùn wo ni mo tún fẹ́ máa wá kiri?

Ọdún tó kọjá ni ìyá ìyàwó mi ṣubú nínú balùwẹ̀ nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Egungun itan wọn kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi irin dè é, ìyàwó mi sì ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa l'Ékòó kí òun lè tọ́jú wọn. Ọsibítù kan wà ní Sùúrùlérè tí Àǹtí kan ti ń bá àwọn tí egungun wọn kán na ẹsẹ̀. Túsìdè Túsìdè ni kí Màmá máa wá. Àǹtí yìí sọ ọ́ fún wa láìfepo-bọyọ̀: tí Màmá bá ń pa ọjọ́ jẹ, oríkèé ìbàdí wọn á gan, wọn ò sì ní lè dá rìn mọ́ láyé. Bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo tí Màmá ń fẹ́ ni kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn padà wọ ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ta ni yóò máa gbé wọn lọ? Èmi náà ni! Àna wọn ni mí, mo sì ní kẹ̀kẹ́.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Màmá kì í pè mí lórúkọ. "Bàbá Ìbùkún" ni wọ́n ń pè mí, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí mo ṣe kéré sí wọn tó yẹn. Èmi náà kì í wo ojú wọn kí n bi wọ́n ní ìbéèrè méjì tẹ̀léra. Ọ̀wọ̀ là ń bọ̀ fúnra wa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́.

Túsìdè àkọ́kọ́, a lọ. Màmá di irin kẹ̀kẹ́ mú gírígírí. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ ṣé o, ẹ kú wàhálà. Olúwa á bù kún iṣẹ́ yín." Inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀, àwọn ò lè jáde. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, inú ń run wọ́n. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, àlejò kan ń bọ̀ wá kí wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́, àlejò tí a ò fojú kàn títí dòní!

Mo sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ nínà ni ìyá rẹ̀ ń sá fún. Mo ní ọ̀lẹ àgbà ni. Ó bínú sí mi, ṣùgbọ́n òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Àǹtí ọsibítù pè wá lórí fóònù, ó ní ìbàdí Màmá ti ń gan, pé tó bá ń lọ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má dá òun lẹ́bi. Ìyàwó mi sunkún. Èmi? Inú ló bí mi. Mo ní mo ń fi iṣẹ́ àárọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí kò fẹ́ kí ara òun yá. Ẹ má bínú sí mi, bí mo ṣe rò ó nígbà yẹn ni mò ń sọ yìí.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí a lọ yẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò kà sí. Màmá sùn lọ lójú ọ̀nà! Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n tún ń fi orin sẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni a jọ rí i pé táyà ẹ̀yìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn ti rọ̀. Ìṣó kékeré kan ló gún un, ó sì ti ń jò bọ̀ láti ilé. "Bàbá Ìbùkún, táyà yín ń jò o," ni Màmá wí. Mo bú ìṣó náà, mo lọ lẹ túùbù, Sùlé sì tún un pọ́ǹpù títí tó fi dún "kan". Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ó wá di Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì ló yẹ ká tún lọ. Màmá máa ń gbàdúrà nínú yàrá wọn láàárọ̀, ohùn wọn sì máa ń dé pálọ̀. Mò ń wọ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ nítorí Bàbá Ìbùkún. Ọmọ gidi ni. Má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ṣùgbọ́n Olúwa mi, lọ́la tó jẹ́ Túsìdè, jọ̀ọ́, jẹ́ kí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún jò bíi ti ọjọ́sí."

Ẹ̀yin ará! Ta ló ń gbàdúrà kí táyà àna rẹ̀ jò? Ẹsẹ̀ kan wà nínú bàtà, ìkejì wà nílẹ̀, mo kàn dúró ni. Àbí iṣẹ́ mi ni wọ́n ń bá jà? Mo lọ bá ìyàwó mi ní kíṣìnnì, mo ní kó wá gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń bá Ọlọ́run sọ nípa mi. Ó gbọ́ ọ tán, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Nígbà tó máa fi jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní Màmá ní gbogbo gálọ́pù, gegele ojú títì yẹn, tí kẹ̀kẹ́ mi bá ti gùn, inú egungun tí wọ́n fi irin dè yẹn ló ń dún sí. Pé tí àwọn bá fi máa dé ọsibítù, ara á ti máa ro àwọn débi pé àwọn ò ní lè na ẹsẹ̀ tí àwọn wá nà. Pé ọjọ́ tí táyà jò yẹn nìkan ni ara tu àwọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn rí i pé mo ti lẹ̀ ẹ́ padà, ni àwọn bá wá àlejò. Ẹnu wo ni àwọn fẹ́ fi sọ fún àna àwọn pé kẹ̀kẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ àwọn ló ń pa àwọn lára? Ìdí nìyẹn tí àwọn fi gbé e lọ bá Ọlọ́run.

Ojú tì mí. Ẹni tí ara ń ro ni mo pè ní ọ̀lẹ.

Ẹ rò pé ọgbọ́n ti dé nìyẹn? Rárá o! Mo jáde síta, mo fi ìṣó tẹ ẹnu fáàfù, mo tú atẹ́gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ títí táyà fi ń tẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi bíi búrẹ́dì. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi èrò dán an wò kí ọ̀la tó dé. Mo kó èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, ó di Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wúwo bí ẹni ń fa àgbò lọ sọ́jà. Nígbà tí mo fẹ́ yà, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó ku díẹ̀ kí n kó gbogbo wa wọ gọ́tà. Ìyá ọlọ́mọ kan tó wà lẹ́yìn figbe ta. "Díráfà, ṣé o ti mutí ni? Sọ̀ mí kalẹ̀ jàre!" Mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Mo fọwọ́ kan táyà, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Tó bá jẹ́ pé Màmá ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí tí mo fi rọra wà á dé ọ̀dọ̀ Sùlé.

Sùlé gbọ́ àlàyé mi, ó sì mú géèjì jáde látinú àpótí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́fà rèé tí nǹkan yìí ti wà níbí, ẹ ò jẹ́ kí n lò ó fún yín rí. 'Pọ́ǹpù ẹ, kó le!' ni tiyín. Ṣé kí n wá bá kọ́sítọ́mà jà ni?" Mo bi í pé mélòó gan-an ló yẹ kí géèjì kà. Ó ní kì í ṣe òun ló yẹ kí n bi, pé kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí n bi. Ó ní láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ọn lára, nítòsí ibi tí díráfà ń jókòó sí.

Ẹ mọ ohun tí mo fi bo ìwé náà mọ́lẹ̀? Sítíkà! Ọjọ́ tí mo ra kẹ̀kẹ́ ni mo ti lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: ỌLỌ́RUN LÓ Ń TỌ́ MI SỌ́NÀ. Sùlé fi abẹ fá a kúrò díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ rẹ̀ kedere: ọgbọ̀n fún táyà iwájú, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún tẹ̀yìn. Ti kẹ̀kẹ́ tèmi nìyẹn o, ẹ lọ wo tiyín. Sùlé ní èyí tí òun máa ń pọ́ǹpù fún mi ti kọjá àádọ́ta dáadáa.

Ó ṣàlàyé fún mi pé táyà tó bá le jù kì í gba nǹkan kan mọ́ra, gbogbo kòtò ló ń gbé fún ẹni tó jókòó. Èyí tó bá rọ̀ jù náà á máa gbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ya, kẹ̀kẹ́ á sì máa fì. Ó ní láàárọ̀, kí n tó gbé èrò kankan, ni kí n máa wá wọ̀n ọ́n, torí táyà tó ti sáré nínú oòrùn máa ń parọ́ fún géèjì, atẹ́gùn inú rẹ̀ á ti wú.

Túsìdè mọ́. Mo ti dé ọ̀dọ̀ Sùlé, ó ti pọ́ǹpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yẹn, mo sì yá géèjì rẹ̀ wálé kí n lè tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé nígbà tí Màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá lápá kan, ọwọ́ ìyàwó mi lápá kejì. Mo ti mọ̀ lójú wọn pé àwáwí ti wà lẹ́nu. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ kú ojúmọ́. Ó fẹ́ dà bíi pé orí ń fọ́..."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n sọ fún àna mi pé mo gbọ́ àdúrà tí wọ́n ń gbà? Mo tẹjú mọ́ géèjì, mo gbé ohùn sókè díẹ̀. Mo ní, "Olúwa, mo dúpẹ́. Àdúrà tí wọ́n gbà sí táyà mi, o ti gbọ́ ọ. Kò ní jò, ṣùgbọ́n kò ní le mọ́."

Mo gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi: "Àmín." Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ orí fífọ́.

Mò ń wò wọ́n nínú dígí. Bí a ṣe sún mọ́ gálọ́pù àkọ́kọ́, wọ́n di irin mú, wọ́n dijú. Kẹ̀kẹ́ gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n la ojú kan. Ní gálọ́pù kejì, wọ́n tú ọwọ́ kan sílẹ̀. Ká tó dé ọsibítù, ọwọ́ méjèèjì ti wà lórí itan wọn. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo ra kẹ̀kẹ́ lọ.

Wọn ò pa Túsìdè kankan jẹ mọ́. Ìbàdí tó ti ń gan bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n fi ọ̀pá nìkan rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni ò dì wọ́n mú. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n fi ọ̀pá náà gbá táyà, wọ́n sì tẹ́tí sí i. Ta ló kọ́ wọn? Mi ò mọ̀!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa kẹ̀kẹ́, ẹ ká sítíkà yín sókè, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi géèjì wọn táyà láàárọ̀. Èyí tó kù kan gbogbo wa. Etí tí mo gbójú lé láti fi wọn táyà, mi ò fi gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi ò lè sọ. Tí ẹnì kan bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá irin ló dì mú. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Kí ni àna yín, tàbí ẹlòmíì tó ń bọ̀wọ̀ fún yín, ò lè sọ fún yín, báwo lẹ sì ṣe wá mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.

Màmá ń padà sílé lọ́jọ́ Sátidé. Láàárọ̀ yìí, mo tún wà ní pálọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Wọ́n ní, "Olúwa, díráfà tó máa gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, jọ̀ọ́, jẹ́ kó ti wọn táyà rẹ̀." Mo ṣe àmín sókè ketekete, kí wọ́n lè gbọ́.