Irin Tí Kò Dún Lábẹ́ Ilé Onítáyà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì lè rá wọ abẹ́ ilé onítáyà láìfi orí gbá irin, èmi ni etí bàbá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ajórinmọ́rin ni bàbá mi ń ṣe ní Malu Road, wọ́n sì ti fi òòlù lu irin títí etí wọn fi di. Bí ènìyàn bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn, àfi kó fọwọ́ kàn wọ́n léjìká kí wọ́n tó mọ̀. Wọn kì í gbà pé etí àwọn ò gbọ́ràn mọ́. Wọ́n á ní àwọn tírélà tó ń lọ sí Wharf Road ló ń pariwo jù.

Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé ní Ajégúnlẹ̀: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Mùfú àbúrò mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá ibẹ̀ yóò rántí pé òjò àdúgbò wa kì í mọ sórí òrùlé, ó máa ń wọlé wá kí wa. A ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì lé orí tábìlì, a ó gbé ìkòkò lé orí mátírẹ́ẹ̀sì, a ó wá máa fi abọ́ gbọ́n omi dà sí ìta, níbi tí omi mìíràn ti ń dúró de àyè. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ikọ́ mú Mùfú lẹ́yìn òjò, kò sì fẹ́ lọ mọ́. Ìyá mi di ẹrù wọn, wọ́n gbé Mùfú lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Wọn ò bá bàbá mi jà. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Bàbá Rìsíkátù, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ríbi tí ilẹ̀ ẹ̀ gbẹ, ẹ ránṣẹ́ sí mi." Wọ́n fi èmi sílẹ̀ nítorí ilé ìwé, àti nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa dáná fún bàbá mi.

Ọbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dá sè, iyọ̀ rẹ̀ tó èyí tí a fi ń pa ẹran mọ́ kó má bàjẹ́. Bàbá mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n mu omi ife mẹ́ta, wọ́n ní ó dára. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, etí wọn kò sì jẹ́ kí n lè sọ tèmi. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ilé á máa ta tẹ́n-tẹ́n lójúde, àwọn ìyá wọn á sì máa pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí á fi ku èmi nìkan. Àárò ìyá mi ń sọ mí gan-an. Kódà àárò ìkúnlẹ̀ tí wọ́n máa ń fún mi bí ìrẹsì bá jóná ń sọ mí. Ìrẹsì ṣì ń jóná, kò kàn sí ẹni tó máa ní kí n kúnlẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni bàbá mi rí ilé onítáyà náà. Àwọn òyìnbó kan tó wá ṣiṣẹ́ létí òkun ló fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì pa á tì sínú ọgbà kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ilé kékeré ni, onífèrèsé, ó ní bẹ́ẹ̀dì méjì àti ibi ìdáná, ọkọ̀ ló sì máa ń fà á kiri. Ẹni tó ni ọgbà náà ní kí bàbá mi máa mú un lọ. Òkè rẹ̀ ṣì dára, abẹ́ rẹ̀ ni kò dára. Atẹ́gùn òkun ti jẹ irin tó gbé e ró, èyí tí àwọn onímọ́tò ń pè ní ṣáásì, ó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ńlá kan nítòsí Wharf Road gbà pé ká gbé e wá síbi tó ga lọ́dọ̀ òun. Bàbá mi ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn pé kí ìyá mi máa múra, pé kí Iléyá tó dé, àwọn ti ní ilé.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo bá ti fi omi tútù mu gàrí, abẹ́ ilé onítáyà ni mò ń lọ. Òórùn kábáìdì tí wọ́n fi ń jó irin ò kúrò ní imú mi títí di òní. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, á máa já bọ́ sójú mi, á máa bọ́ sẹ́nu mi, ìtọ́wò rẹ̀ sì dà bí ẹ̀jẹ̀ eyín. Bí mo bá ha á tán, bàbá mi á fi òòlù kan irin náà. Irin tó yè á dún gooro. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún bọ̀n, bí ẹni lu igi. "Irin ò mọ irọ́ pa," ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn fúnra wọn ò gbọ́ ohun tí irin ń sọ mọ́, wọ́n á wá bi mí pé, "Ṣé ó dún?" Bí mo bá ní kò dún, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, wọ́n á fi iná gé e kúrò, wọ́n á jó irin tuntun mọ́ ọn, wọ́n á sì ní kí n kùn ún ní ọ̀dà pupa. Wọn kì í jẹ́ ká kun ọ̀dà lé ìpẹtà. Wọ́n ní aṣọ kì í wo egbò sàn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju súwè lọ. Ìgbà yẹn nìkan ni bàbá mi máa ń bi mí ní nǹkan tí wọ́n á sì dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé, awakọ̀ tó ṣèlérí láti bá wa fà á sọ pé òun ń lọ sókè Ọya, pé tí kò bá ti jẹ́ Sátidé, ó di ẹ̀yìn ọdún. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bàbá mi ní ká wo ibi kan tó kù, níwájú, níbi tí ìkọ́ tí ọkọ̀ máa fi fà á ti so mọ́ irin. Irin àfikún ti tán nílẹ̀. Wọ́n fi òòlù kàn án. Ó dún bọ̀n.

"Rìsíkátù, ṣé ó dún?"

Mo mọ ohun tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, bàbá mi á tún lọ wá irin kiri, awakọ̀ á lọ, Iléyá á kọjá, ìyá mi ò ní wá. Mo ní, "Ó dún." Wọ́n tún kàn án, wọ́n ní, "Ó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà fún mi. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ jáde ní Malu Road. Ní Sátidé, ọkọ̀ ń fà á lọ, nígbà tí ilé náà sì bọ́ sínú kòtò àkọ́kọ́, ìró tó jáde pọ̀ débi pé bàbá mi alára gbọ́ ọ. Ìkọ́ já, ilé onítáyà fi imú sọlẹ̀ sínú gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Baba, e don finish o." Bàbá mi lóṣòó ti irin náà. Wọ́n fi ìka kàn án, ó ń rún bí àkàrà àná, ọ̀dà pupa mi sì ṣì tutù lórí rẹ̀. Wọ́n wò mí. Mo ń retí ìgbátí, mo sì fẹ́ kí ó dé.

"Etí mi ni ò dáa," ni wọ́n sọ. "Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi níbẹ̀. Mo gbé e mì.

Ìyá mi tú ẹrù tí wọ́n ti dì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, ara Mùfú sì yá. Nígbà tó bá di ọlidé, màá lọ kí wọn bí àlejò. Ìyá mi àti bàbá mi ò kọ ara wọn sílẹ̀, wọn ò sì gbé abẹ́ òrùlé kan mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bàbá mi ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn ò tún bi mí mọ́ bóyá irin dún tàbí kò dún. Irin tó bá ti pọ́n díẹ̀, wọ́n á gé e dànù. Bóyá wọ́n mọ̀, n kò lè sọ. Wọ́n kú kí n tó rí ẹnu sọ ọ́ fún wọn.

Láyé ìsinsìnyí, ilẹ̀ yàrá mi ní Apapa gbẹ, táìsì ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí o ṣe wà, àfi kó wá jókòó tì ọ́. Àwọn ọmọ mi ń rí ojú mi lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á ní, "Màámi, ṣé kò sí nǹkan?" Màá ní kò sí nǹkan, màá sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbà á gbọ́ bí bàbá mi ṣe gbà á gbọ́.

Atẹ́gùn òkun ò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lánàá, mo rí i pé ìpẹtà ti ń yọ lábẹ́ ọ̀dà géètì mi. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kàn án, mo sì gbé etí sílẹ̀. Mo wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ ọ́ sókè, kí ẹni tí etí rẹ̀ di lè gbọ́: "Bàbá, kò dún."