Ọ̀sẹ̀ tí Mo Jẹ Sípíkà ní Ìbarà

Òórùn ọ̀dà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun gbọ̀ngàn tí wọ́n kó wa sí ní Ìbarà ni, bí èèyàn bá sì gbàgbé tó fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, àmì funfun ni yóò máa gbé kiri lẹ́yìn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ayé ìjọba alágbádá ni, ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kó ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ọlọ́jà pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Wọ́n ní kí àwọn ilé-ìwé girama mú akẹ́kọ̀ọ́ wá, kí á wá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba. Ọ̀gá ilé-ìwé wa mú mi. Kò sọ ìdí tó fi mú mi, èmi náà ò sì béèrè, mo ṣáà gbà pé ọgbọ́n mi ló rí. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ibà ló ń ṣe ọmọ tó kọ́kọ́ mú.

Bàbá mi ń ta aṣọ, ìyá mi ń ṣe àdìrẹ ní Ìtokú, àtàǹpàkò rẹ̀ kì í sì í bọ́ nínú aró láti ọdún dé ọdún. Bàbá mi kò fẹ́ kí n sùn níta. Ìyá mi ló bá a sọ ọ́ títí tó fi gbà. Lọ́jọ́ tí mo ń di ẹrù, ìyá bàbá mi jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀, ó ń wò mí.

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ní ìjọba? Ìjọba tí ìyá ẹ ń bá bàbá ẹ ṣe nínú ilé yìí, ṣé o ti mọ ìyẹn tán ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni.

Ọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ kóòtù nínú ooru ni ọ̀gá ètò. Ó sọ fún wa pé àwa fúnra wa la máa jẹ́ ìjọba títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí: a ó ní gómìnà, a ó ní kọmíṣọ́nnà, a ó sì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí Sípíkà yóò máa darí. Ọmọkùnrin méjì ló ń du ipò Sípíkà. Ariwo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹni kìíní pọ̀, ti àwọn ẹni kejì sì pọ̀ jù ú lọ, kò sí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ fún ẹnì kejì. Nígbà tó sú wọn, ẹnìkan tọ́ka sí mi nítorí pé n kò tíì la ẹnu láti àárọ̀. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, mo sì mọ̀ pé Sípíkà ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti há ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí nípa ojú ọ̀nà, omi àti ìmọ́tótó.

N kò tíì sọ ìlàjì rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ètò dá mi dúró. Ó ní, "Rárá o. Sípíkà kì í dá sí àríyànjiyàn. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí ó máa fún àwọn ẹlòmíràn láyè láti sọ̀rọ̀."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè é ní Sípíkà, sà?"

"Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn," ló ní, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àga gíga náà, òòlù kékeré tí Sípíkà fi ń pa Ilé lẹ́nu mọ́ wà níwájú mi.

Ọmọbìnrin tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi wá láti Ìtòrì. Àgbẹ̀ tó ń ta obì ni bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ìwà rẹ̀ sì tutù, ìdí rèé tí wọ́n fi sọ ọ́ di olórí ẹgbẹ́ alátakò. Òun náà kò lóye iṣẹ́ rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ètò pé, "Bí ohun tí ìjọba sọ bá dára ńkọ́, sà?" Ọ̀gá ètò ní kí ó wá ibi tí kò dára nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó dìde, ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn gba kànga tí ìjọba wa fẹ́ gbẹ́ lọ́wọ́ abúlé kan tí kò sí níbì kankan láyé, àwa sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí a dé yàrá, ó ní ọkàn òun ò balẹ̀, pé ó ń ṣe òun bí ẹni pé àwọn ará abúlé náà wà níbì kan tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n.

Báyìí ni a ṣe ń bá a bọ̀ títí ó fi di Ọjọ́bọ̀, tí ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn nígbà tí Ilé ń jókòó. Dáńṣíkí ló wọ̀, eruku ọ̀nà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ṣí fìlà. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. Bàbá ọmọ Ìtòrì ni. Ọ̀gá ètò lọ bá a, gbogbo wa sì ń gbọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti bí ìbejì, ara obìnrin náà kò sì yá láti ìgbà náà. Kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí òun bá lọ sóko. Ó ní òun wá mú ọmọ òun lọ sílé, kí ó dúró ti ìyá rẹ̀. Ní ti ilé-ìwé, ó ní òun kò lè sọ ìgbà tí yóò padà, bí yóò bá padà.

Ọ̀gá ètò ní kò burú, kí ọmọ lọ kó ẹrù. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin méjì tó du ipò Sípíkà ti dìde. "Mo dá a lábàá," ló wí, "pé kí Ilé yìí jíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà."

Mo rò pé wọn yóò bá a wí. Ọ̀gá ètò kàn rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ fún wọn láyè díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́."

Ọkùnrin náà wò wá yíká. "Kò burú," ló wí, "n ó jókòó. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí ẹ ṣe máa là á."

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìjọba ti sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ sílé-ìwé, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn kan ní ta ni yóò fọ aṣọ abiyamọ, ta ni yóò gbé èkejì bí ó bá ń fún èkínní lọ́mú. Èmi ò mọ̀ bóyá eré la ṣì ń ṣe. Ọmọ Ìtòrì tẹ orí mọ́lẹ̀ lórí àga rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń yí fìlà lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tó dá àbá tún dìde, ó ní bàbá tó bá mú ọmọ kúrò nílé-ìwé, ó yẹ kí ìjọba fi òfin gbé e. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Ọwọ́ mi wà lórí òòlù, n kò mọ̀ bóyá kí n lù ú.

A dìbò. Àwọn tó ní kí ó dúró àti àwọn tó ní kí ó máa lọ dọ́gba.

Ọ̀gá ètò kọjú sí mi. "Sípíkà," ló wí, "bó bá rí báyìí, ọwọ́ yín ló kù sí."

Yín tó pè mí ló tún bà mí lẹ́rù. Àgbàlagbà kan ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀, àwọn náà ni wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lé mi lọ́wọ́ yìí. Mo ní, "A ò tíì gbọ́ tẹnu ọmọ náà fúnra rẹ̀." Àwọn kan mi orí, bí ẹni pé mo rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. N kò rántí òwe kankan. Mo kàn ń wá ọ̀nà tí n kò fi ní dìbò ni.

Ọmọ Ìtòrì dìde. Kò wo ẹnì kankan nínú wa. "Mo fẹ́ bá bàbá mi lọ," ló wí. "Ìyá mi ni mo fẹ́ lọ wò. Ẹ má fi òfin kankan mú bàbá mi." Ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó wá dé fìlà rẹ̀, ó dìde. "Dìde, lọ jókòó," ló wí. "Parí ohun tí wọ́n ní kí o wá ṣe. N ó kọjá lọ sí Ìfọ̀, n ó bẹ àbúrò ìyá ẹ kó wá dúró tì í. Ọjọ́ Àìkú, máa bọ̀ nílé. Bí ilé-ìwé bá wọlé, ìwọ náà á wọlé." Ó kọjú sí wa, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́ tiyín." Ó sì jáde lọ wá ọkọ̀ ní Kútọ̀.

Àwọn tó ní kí ó dúró fẹ́ pàtẹ́wọ́, àmọ́ ọmọ náà ń sunkún. Ẹnìkan béèrè pé apá wo ló borí. Ọ̀gá ètò mú ẹfun, ó kọjú sí pátákó, ó sì gbé ẹfun náà sílẹ̀. Ó ní ká lọ jẹun.

Lọ́jọ́ tí a parí, aṣòfin gidi kan wá fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Ó bi mí pé kí ni mo kọ́. Mo ní, "Mo kọ́ pé Sípíkà kì í sọ̀rọ̀, sà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo dápàárá ni. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni orin ológun gba orí rédíò, wọ́n ní kò sí Ilé Aṣòfin mọ́. Bàbá mi yíjú sí mi nídìí rédíò, ó ní, "Èyí tí wọ́n kọ́ ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fagi lé òun náà?"

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo pàdé ọmọ Ìtòrì ní Kútọ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró kí ọkọ̀ Èkó kún. Ó ti di olùkọ́, èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ń lọ kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo bi í ní ohun tó ti ń rú mi lójú láti ìgbà yẹn, pé kí ló dé tó fi fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ lọ?" ló wí. "Mo fẹ́ dúró. Àmọ́ bàbá mi jókòó síbẹ̀, ọmọdé ń dá a lẹ́jọ́, ó ń yí fìlà. Bí mo bá ní mo fẹ́ dúró, ẹ ti borí rẹ̀ lójú mi nìyẹn. N ò lè jẹ́ kí ó ti ibẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀. A ò sọ ọ́ títí ó fi kú."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti dìbò kọjá ohun tí mo lè rántí, mo sì ti rí i tí wọ́n gbé òfin kan ró lónìí tí wọ́n wó o lọ́la. Bí àwọn ọmọ mi bá ń jiyàn lórí ìjọba nínú pálọ̀ mi, n kì í sábà dá sí i. Bàbá kan fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ, ọmọ náà fẹ́ dúró, kálukú sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún èkejì lójú gbogbo wa. N kò tíì rí orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn nínú gbogbo ìwé òfin tó gba ọwọ́ mi kọjá.