Bàbá Tó Ń Kí Ẹyẹ Kó Tó Ya Fọ́tò Wọn

Lọ́jọ́ tí típà yanrìn kọ́kọ́ dé adágún omi tó wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, Bàbá Akínfẹ́nwá gbé àga síwájú táyà, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Dírẹ́bà fọn fèrè títí, ó bẹ̀ wọ́n, ó halẹ̀ mọ́ wọn. Bàbá ní kó rọra, pé ó ń yọ àwọn onílé lẹ́nu. Dírẹ́bà wo ọ̀tún, ó wo òsì, lékeléke mẹ́ta ló rí. Ló bá gbé típà rẹ̀ padà.

Àwọn kan ní Festac ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá fi sùn síbẹ̀. Irọ́ ni o. Ebi kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá aago méjì láìwálé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ wo ẹyẹ, táì á wà lọ́rùn bí ẹni ń lọ ọ́fíìsì. Ìṣòro wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ilé tí wọ́n ti kọ́ wọn, wọn kì í wọlé onílé láìkí onílé. Wọ́n á yọ́ sún mọ́ ẹyẹ, wọ́n á gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n á wá ṣí fìlà: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣeun àná." Ẹyẹ á fò. Nínú irínwó fọ́tò tí wọ́n yà, kò sí ẹyẹ kan tó lójú. Ìyàwó wọn, Màmá Mọrónkẹ́, ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà á ná kí wọ́n tó kí i. Wọ́n bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé bàbá tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹbí Àlàájì Mùkáílà ló ni ilẹ̀ náà. Ó fẹ́ dí omi yẹn, kó tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́ plásà. Ó pe ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, ó ní ẹ̀fọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀, kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí mìíràn mú un wá. Bàbá gbé fáìlì ńlá kan fún un. Àlàájì ṣí i títí.

"Dádì, ìdí ẹyẹ nìkan ni mò ń rí níbí."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Bàbá dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Ẹ wò ó dáadáa, Àlàájì. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń lọ, ó ní ibi tó ti gbéra. Ilé wọn nìyẹn. Ẹ ò ní dí i níṣojú mi."

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi fà á. Bí típà bá dé, Bàbá á ti wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni Bàbá kú. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó dùn wá gan-an. Nígbà tí Àlàájì wá bá Màmá kẹ́dùn, Màmá kò fi bọpo bọyọ̀, wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ni típà ń bọ̀. Àlàájì ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti pe òun lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Mo ti ní kó máa lọ, Màmá. Ọdún mẹ́fà gbáko, mi ò lè borí wọn. Tí mo bá wá dúró dìgbà tí wọ́n kú kí n tó tà á, ta ni mo borí? Ojú ló máa tì mí."

Màmá bú sẹ́kún. Àlàájì náà ń nu ojú. Ó ní kò sẹ́ni tó yọ òun lẹ́nu tó Bàbá láyé yìí, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, àdúgbò ti dákẹ́ jù fún òun.