Kẹ́ẹ̀gì Omi Ọ̀ṣun Létí Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé atẹ́gùn òkun ń tu ara, kó máa gbé atẹ́gùn ẹ̀ lọ. Mo ti dé Àgbádárìgì. Ìlú náà dákẹ́, igi àgbọn pọ̀ níbẹ̀, iyanrìn rẹ̀ mọ́. Ìlú ò ṣẹ̀ mí. Bọ̀dá mi ló ń bí mi nínú, mi ò sì ní pọ́n ọn lé nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ti pẹ́ tó ti kọ́lé síbẹ̀, tó tún ní gẹ́sítì tí àwọn tó wá gbatẹ́gùn ń sùn sí. Ìyá wa ò fojú kan ilé náà rí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò ju kí wọ́n sun oorun alẹ́ kan lábẹ́ òrùlé àkọ́bí wọn. Bọ̀dá á ní, "Mọ́mì, ẹ ní sùúrù, a ó mú ọjọ́." Nígbà tó sú wọn, wọ́n mú ọjọ́ fúnra wọn.

Kí a tó kúrò l'Óṣogbo, wọ́n lọ pọn omi Ọ̀ṣun sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Ìyá mi kì í fi ìrun ṣeré o, ṣùgbọ́n omi yìí ni wọ́n fi wẹ Bọ̀dá mi nígbà tí ibà fẹ́ gbé e lọ ní kékeré. Orí itan ni wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé láti ilé wa ní Dàda Estate títí a fi dé Àgbádárìgì. Wọn ò jẹ́ kí awakọ̀ gbé e sí búùtù.

Gẹ́sítì ni Bọ̀dá ní kí a ti bá òun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣí yàrá kan tó kọjú sí òkun fún wa. Ìyá wò ó yíká.

"Ilé ẹ dà?"

"Mọ́mì, ìyàwó mi ni. Ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ nǹkan ìbílẹ̀. Omi yẹn..."

Háà! Ìyá mi dìde, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, wọ́n da omi náà sórí iyanrìn tán pátápátá, wọ́n padà wọlé.

"Kò sí mọ́. Ṣé a lè máa lọ sílé ẹ?"

Ó wolẹ̀. "Tó bá di ọ̀la."

Nígbà tí ọ̀la dé, ó ní ìyàwó òun ti jáde, ó sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Irọ́ funfun báláú! Mo ní, "Bọ̀dá, odò tó bá gbàgbé orísun..." Ìyá já lu ọ̀rọ̀ mi: "Pa ẹnu ẹ dé. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni." Mo gbé e mì. Ó ṣì korò lọ́fun mi dòní.

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ nílé l'Óṣogbo, àwọn ìyá àdúgbò ti dé. "Ẹ kú àbọ̀ o! Ilé ọmọ ńkọ́?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Alihamudulilahi. Ilé ńlá ni. Yàrá tó fún mi kọjú sí òkun gan-an. Omi tí mo gbé lọ, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi bọ́jú."

Wọ́n ṣe àmín, wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ káwọn náà jèrè ọmọ. Ìyá wá yíjú sí mi. "Àbí irọ́ ni mo pa? Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀."

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Òótọ́ ni, Mọ́mì."